Ẹ BI BÀBÁ ONÍNÁ: Ọtí Ni Kí O Wọ̀n, Fi Afẹ́fẹ́ Sílẹ̀

Ẹ kú ooru o. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo jókòó kọ èyí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Dutse Alhaji, tamọ́mítà ara ògiri ń ka 36. Ọmọ iṣẹ́ mi ti bọ́ ẹ̀wù, ó ti orí bọ inú fìrísà oníbàárà, ó ní òun ń yẹ̀ ẹ́ wò. Láti àárọ̀ ló ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà márùn-ún ni mo ṣà lóṣù yìí. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lé lórí jù, nítorí irú rẹ̀ ti pọ̀ lórí tábìlì mi.

Ìbéèrè: Bàbá Oníná, ẹ kú iṣẹ́ sà. Kubwa ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ọtí pípọn ni mo fẹ́ràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pọn bíà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oní-20 lítà, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń rùn bí oje tí àwọn obìnrin fi ń nu èékánná, orí sì fọ́ gbogbo ẹni tó mu ún. Wọ́n ní ooru ló fà á. Mo ra Arduino (kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń kọ àṣẹ sí), mo ra relay (ohun tó ń tan iná, tó sì ń pa á bí Arduino bá pàṣẹ), mo ra fìríìjì tòkúnbọ̀ kan. Mo so sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru kọ́ sáàárín fìríìjì, mo kọ ọ́ sínú kóòdù pé tó bá ti ju 20 lọ kó tan fìríìjì, tó bá ti dé 20 kó pa á. Gbogbo òru ló ń ṣe tá, tá, tá bí ẹni ń pa ẹ̀pà, ọtí náà kò sì yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Níbo ni mo ti ṣìnà? Apọntí, Kubwa.

Èsì: Àbúrò, kí n kọ́kọ́ sọ tèmi kí o má baà rò pé mò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá ìyá mi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ìkàrẹ́ títí ara rẹ̀ fi gbó. Á rẹ àgbàdo, á fi ewé bò ó títí yóò fi hù, á sá a, á lọ̀ ọ́, á sè é. N kò rí tamọ́mítà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń wọn ìkòkò, á gbé e lé e bí ẹni ń yẹ iwájú orí ọmọ wò bóyá ibà wà níbẹ̀. Ọtí rẹ̀ kò fọ́ ẹnikẹ́ni lórí. Nígbà tí èmi wá ra yíìsì inú báàgì kékeré, tí mo pọn bíà tèmi ní Àbújá, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi so gèlè ìyàwó mi mọ́rí. Mo ti rò pé ọtí pípọn wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí bàbà, èyí tí àwọn ará ìhín ń pè ní burukutu, ọtí ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n. Oríṣiríṣi kòkòrò tí ojú kò rí ló jùmọ̀ ń ṣe wọ́n, àwọn kan ń mú un kan, àwọn kan ń sọ ọ́ di ọtí, kò sì ju ọjọ́ kan sí méjì lọ tí a ti ń mu ún. Ooru kì í bà wọ́n jẹ́. Yíìsì tìrẹ, àkẹ́bàjẹ́ ni. Irú tí wọ́n ń pè ní ale ń fẹ́ 18 sí 22. Ti lager tilẹ̀ ń fẹ́ 8 sí 13. Tó bá kọjá 25 dáadáa, iṣẹ́ á máa yá a lódìlódì, á sì máa bí ọtí wúwo tí ń fọ́ni lórí, pẹ̀lú òórùn oje èékánná tí o gbọ́ yẹn. Kò sí yàrá kan ní Kubwa tó ń jẹ́ 20 ní oṣù kẹta, àfi ti ẹni tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kì í sinmi.

Èyí tó jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ nìyí: afẹ́fẹ́ ni sẹ́ńsọ̀ rẹ ń wọ̀n. Ta ló fẹ́ mu afẹ́fẹ́? Afẹ́fẹ́ inú fìríìjì fúyẹ́, kíá ló ń tutù, kíá ló ń gbóná, bí o bá ṣí ilẹ̀kùn báyìí ó ti yí padà. Ogún lítà ọtí ní tirẹ̀ wúwo, ó ń lọ́ra bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun. Yíìsì tún ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́, bí ẹni tó ń kọ ebè ṣe ń làágùn. Lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta tí ọtí bá ń ru gan-an, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì lè fi díígírì mẹ́ta sí márùn-ún gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ.

Mo dán an wò. Mo so sẹ́ńsọ̀ kan rọ̀ sínú fìríìjì, mo lẹ èkejì mọ́ ara bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní òru ọjọ́ kejì, alárọ̀ ń sọ pé 19.5, alálẹ̀mọ́ ń sọ pé 23.8. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wo méjèèjì bí ẹni tí orogún méjì wá ro ẹjọ́ fún. Òótọ́ ni méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló mọ ohun tó wà nínú ìkòkò.

Nítorí náà, tú sẹ́ńsọ̀ rẹ sílẹ̀. Fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bọ́kẹ́ẹ̀tì, ní agbede méjì ibi tí ọtí ga dé, kó má wà lókè ọtí. Ṣẹ́ fóòmù tàbí àgékù aṣọ ìnura sí ìlọ́po mẹ́rin, fi bò ó, kí o tún fi tépù dè é, kí afẹ́fẹ́ má ráyè fọwọ́ kàn án. Àwọn kan máa ń ki páìpù irin tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí gba inú ọmọrí wọlé, wọ́n á wá ti sẹ́ńsọ̀ bọ inú rẹ̀. Ìyẹn dára jù, ṣùgbọ́n tépù àti fóòmù ti tó ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó bá iṣẹ́ yìí mu ni DS18B20 onírin tí omi kì í wọ̀. Láàárín −10 sí 85, kì í fi ju ìdajì díígírì lọ ṣìnà tó bá jẹ́ ojúlówó. Wáyà mẹ́ta ló ní. Rẹsístọ̀ 4.7 kílò-óòmù ni kó wà láàárín wáyà ọ̀rọ̀ àti wáyà 5V. Bí o bá gbàgbé rẹsístọ̀ yẹn, o ò ní gbọ́ nǹkan gidi kan lẹ́nu rẹ̀.

Ó wá ku tá-tá-tá. Owó rẹ ló ń ké bẹ́ẹ̀. O ní kó tàn bó bá ti fi bíńtín ju 20 lọ, kó kú bó bá ti dé 20. Kò sí ààyè mí láàárín wọn. Jẹ́ kó tàn ní 20.5, kó kú ní 20. Ìdajì díígírì yẹn kò ní pa yíìsì lára. Kó tún wá máa sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún láàárín ìgbà tó bá kú àti ìgbà tó tún máa tàn.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ mi wà, ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ inú fìríìjì tó ń ti gáàsì kiri, bá ń sáré, gáàsì á há mọ́ra ní ẹ̀gbẹ́ kan, á fẹ́lẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí o bá pa á, gáàsì náà á máa yọ́ gba inú páìpù tín-ín-rín kan kọjá títí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi dọ́gba, ìyẹn sì ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí o bá tàn án kó tó dọ́gba, bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé àpò sìmẹ́ǹtì bó ti ń jí ló rí. Kò lè yí. Á máa kùn, ara rẹ̀ á gbóná, ohun tó ń dáàbò bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ á ṣe tá, á já iná. Bó bá tutù díẹ̀, á tún gbìyànjú. Lọ́jọ́ kan wáyà inú rẹ̀ á jó.

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ méjì ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, èmi tí mo ń tún fìríìjì ṣe! Ìkíní, n kò kọ ìsinmi kankan sínú kóòdù. Èkejì ló dùn mí jù. Mo ti kọ ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, mo ń yan kiri. Lálẹ́ ọjọ́ kan iná lọ, ó dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó tún lọ, ó tún dé. Arduino kì í rántí àná. Bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, ìṣírò ìsinmi tó ń ṣe ti parẹ́. Bó ṣe jí báyìí, ó rí i pé ọtí ti wọ 20.7, ó ní ó yá, tan fìríìjì. Kò mọ̀ pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ilẹ̀ mọ́, mo fọwọ́ kàn án, mo já ọwọ́ gbà. Òórùn fáníìṣì jíjó ló kí mi káàárọ̀.

Nítorí náà, nígbàkigbà tí Arduino rẹ bá jí, kó kọ́kọ́ jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó dá ohunkóhun, bó ti wù kí ọtí gbóná tó. Àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí nílùú tí iná kì í lọ lè fò ó dá. Àwa ò lè fò ó.

Relay ńkọ́? Àpótí búlúù kékeré tí o rà yẹn, wọ́n kọ 10A 250V sí i lára. Fìríìjì kékeré kì í sábà ju áḿpù (A) kan lọ bó bá ń sáré, ṣùgbọ́n lásìkò tó ń gbéra, ó lè fà á ní ìlọ́po-ìlọ́po fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́, ẹnu relay á jó, á lẹ̀ pọ̀. Bó bá ti lẹ̀ pọ̀, Arduino lè pàṣẹ títí, fìríìjì ò ní kú mọ́, o máa bá yìnyín nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ra oní-30A. Kí o sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ òdì: LOW (àṣẹ àìsí iná) ló ń tàn wọ́n, HIGH (àṣẹ iná) ló ń pa wọ́n. Kọ HIGH sí ẹsẹ̀ Arduino tí relay so mọ́ kí o tó sọ ọ́ di OUTPUT (ẹsẹ̀ tó ń pàṣẹ), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ṣẹ́jú tá kan nígbàkigbà tí iná bá dé.

DS18B20 tún ní irọ́ méjì tó máa ń pa. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí kò tíì wọn nǹkan kan, 85 ni yóò sọ. Bí wáyà rẹ̀ bá já, kóòdù tí ọ̀pọ̀ wa ń lò á kà á sí −127. Eku ló gé tèmi. Àkókò ọyẹ́ ni, mo ti so gílóòbù oní-60 wáàtì sínú fìríìjì kó máa mú ọtí móoru lóru. Bí −127 ṣe wọlé, ẹ̀rọ ní yéè, ọtí ti di òkúta, ó tan gílóòbù, kò pa á mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo tó ṣílẹ̀kùn. Ènìyàn lè fi ọtí náà wẹ ọmọ ìkókó. Láti ọjọ́ yẹn ni ìlà kan ti wà lókè kóòdù mi: iye tó bá kéré sí 0 tàbí tó ju 50 lọ, irọ́ ni, pa tútù, pa gbígbóná, máa ké títí Bàbá á fi dé.

Kí o tó náwó mìíràn ṣá, ọ̀nà méjì wà tí kò fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Yíìsì kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Norway ń lò láti ìrandíran, kveik lorúkọ rẹ̀. Wọ́n máa ń sá a gbẹ sára òrùka onígi títí di ìgbà mìíràn tí wọ́n bá fẹ́ pọn. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní 30 sí 40 láìba ọtí jẹ́. Má bi mí bí yíìsì ilẹ̀ yìnyín ṣe wá fẹ́ràn ooru Àbújá. Ọ̀nà kejì, àmù ni. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, gba àmì ẹ̀yẹ Rolex ní ọdún 2000 nítorí ìkòkò amọ̀ méjì tó ki ọ̀kan bọ inú èkejì, tó da yanrìn tútù sáàárín wọn kí tòmátì má baà tètè rà. Omi tó ń gbẹ lára ìkòkò ló ń gbé ooru lọ. Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ sínú bàsíà omi, fi aṣọ ìnura tútù bò ó, fi fáànù fẹ́ ẹ. Nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, o máa gbádùn rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ tí òjò ń rọ̀, asán ni.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́. Mo ki sẹ́ńsọ̀ bọ omi híhó láti mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Mẹ́ta ni mo rà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ka bíi 96, kò sí èyí tó dé 100. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? Ẹ̀ẹ̀kejì, ní oṣù Kejìlá ọtí mi kì í ru rárá, ṣe ló ń sùn. Ọmọ Ọ̀ffà, Jos.

Èsì: Má tíì lọ bá ẹni tó tà á jà. Òkè lo wà. Jos fi bí ẹgbẹ̀fà mítà ga ju ojú òkun lọ, bí a bá sì ti ń gun òkè, nǹkan bí díígírì kan ni ìhó omi fi ń wálẹ̀ ní ọ̀ọ́dúnrún mítà kọ̀ọ̀kan. Omi híhó ti Jos, 96 náà ni. Níhìn-ín ní Àbújá, ó máa ń tó 98 àti ààbọ̀. Èyí tí ibi gíga kì í yí padà ni yìnyín: fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́ kó kún ife, bu omi sí i díẹ̀, rò ó, dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ki sẹ́ńsọ̀ bọ àárín rẹ̀. Bó bá ka 0 tàbí ìdajì sókè sódò, ojúlówó ni o rà. Ayédèrú wà lóòótọ́ o, mo ti rí èyí tó ń ka 2 nínú yìnyín. Mo ń lò ó, mo kàn kọ ọ́ sínú kóòdù kó máa yọ 2 kúrò.

Ní ti oorun Kejìlá, gbígbóná ni o nílò. Relay kejì ni kó wà fún un: kó tan ní 18, kó kú ní 18.5, kí tútù sì dúró sí 20.5 rẹ̀. Fi ààyè yẹn sílẹ̀ láàárín wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbígbóná àti tútù á máa bá ara wọn jà lórí owó iná rẹ. Bí gílóòbù lo máa lò, ki í bọ inú agolo mílíìkì ńlá kí ìmọ́lẹ̀ má ráyè jáde, nítorí hop, òdòdó tó ń mú bíà korò, kì í bá ìmọ́lẹ̀ rẹ́. Òórùn burúkú ló ń bí. Ìdí nìyẹn tí ìgò bíà fi máa ń dúdú.

Ìbéèrè: Bàbá Oníná, ọmọ Kàbbà ni mí, Lọ́kọ́ja ni mò ń gbé. Ọkà bàbà híhù ni mo fi ń pọn ọtí mi. Ìwé tí mo ń tẹ̀ lé ní kí n gbé omi ọkà sí 65 fún wákàtí kan. Mo gbé Arduino tì í, ó dúró sí 65 láìmì, síbẹ̀ ògì ló ń dà, kò dùn.

Èsì: Ìwé yẹn, ọkà bálì ló kọ ọ́ fún. Ẹ̀rọ rẹ ṣiṣẹ́, ọkà ló yàtọ̀. Sítáàṣì ọkà bàbà kì í rọ̀ bọ̀rọ̀, ooru tó ju 65 lọ ló fẹ́. Ohun tó máa sọ sítáàṣì náà di ṣúgà sì máa ń kú bí ooru bá pọ̀. Nítorí náà, pín in. Po ìyẹ̀fun ọkà híhù mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, jẹ́ kó sílẹ̀, re omi mímọ́ tó wà lókè sínú abọ́ mìíràn, inú omi yẹn ni aṣiṣẹ́ tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà wà. Se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ kó hó dáadáa kó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Jẹ́ kó tutù dé bíi 70, kí o wá da omi àkọ́kọ́ padà sí i. Á wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 65, ibẹ̀ ni kí Arduino ti gbà á lọ́wọ́ rẹ, kó gbé e dé 65. Tọ́ ọ wò lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ó yẹ kó ti máa dùn. Nígbà tí ìjọba ṣe òfin tó dí ọkà bálì lọ́nà ẹnubodè ní 1988, tí àwọn iléeṣẹ́ bíà bọ́ sórí ọkà bàbà, ìyọnu yìí kan náà ni wọ́n bá pàdé. Àwọn ń ra aṣiṣẹ́ náà lọ́tọ̀ dà á sí i.

Ohun kan tí o kò bi mí: bí o bá sá ọkà híhù gbẹ, ra á láàárín ọwọ́ kí èéhù àti gbòǹgbò rẹ̀ bọ́ kúrò pátá, fẹ́ ẹ dànù. Irú oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù wà nínú wọn. Má sì fi èéhù náà fún ewúrẹ́ aládùúgbò.

Ìbéèrè: Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kánò ni mo wà, Mùsùlùmí ni wá, a kì í mu ọtí, a kì í pọn ọ́n. Yóógọ̀tì ni mò ń ṣe tà. Tó bá ti di ìgbà ọyẹ́, kì í dì, ọjọ́ mìíràn á ní èérún. Ọmọ mi ní ẹ̀rọ ọlọ́tí tí ẹ kọ nípa rẹ̀ lè ràn mí lọ́wọ́. Ṣé kì í ṣe èèwọ̀?

Èsì: Alhaja, ẹ̀rọ kò mọ ohun tó ń mú gbóná. Kódà tiyín rọrùn ju ti ọlọ́tí lọ, nítorí kò nílò fìríìjì rárá, relay kan ṣoṣo ni. Ẹ gbé mílíìkì dé 85, ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ sí 45, ẹ wá po ìyá yóógọ̀tì mọ́ ọn, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò. Kí ọmọ yín gbé àwọn ìgò náà sínú kúlà fóòmù tó ní ìdérí, kó fi gílóòbù inú agolo sí igun kan, kó kọ ọ́ sínú kóòdù pé kó tàn ní 42, kó kú ní 43. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ó ti dì. Ẹ má jẹ́ kó ki sẹ́ńsọ̀ bọ inú ọjà tí ẹ fẹ́ tà o. Ẹ kún ìgò kan tó bá àwọn yòókù dọ́gba pẹ̀lú omi gbígbóná bíi tiwọn, ẹ gbé e sáàárín wọn, inú ìgò omi yẹn ni kí sẹ́ńsọ̀ máa gbé. Bí ẹ bá fi sẹ́ńsọ̀ sínú afẹ́fẹ́ kúlà, gílóòbù á máa kú kí mílíìkì tó mọ̀ pé iná tàn. Ìyàtọ̀ ọ̀dọ̀ yín àti ọ̀dọ̀ Apọntí Kubwa kò ju òórùn lọ. Ní ti èérún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó gbóná jù ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí pé ẹ ń gbé e kiri kó tó dì. Ẹ jẹ́ kó jókòó.

Ìbéèrè: Bàbá Oníná, ẹ̀yin lẹ kó bá mi. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti ń ka ojú ìwé yín ni wáyà ti gba kíṣìnì mi ní Karu. Fìríìjì ọbẹ̀ mi ló gbà, ó ní ọtí òun fẹ́ 20. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ mi bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì. Lóru Fúrádè ọmọrí bọ́kẹ́ẹ̀tì ta dé àjà, a rò pé olè ló wọlé. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Ìbejì.

Èsì: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé òun náà máa ka èyí, nítorí náà òun ni mo ń bá wí báyìí.

Ọ̀gbẹ́ni, fìríìjì tó wà ní 20 kì í ṣe fìríìjì mọ́, kọ́bọ́ọ̀dù ni. Ọbẹ̀ ń fẹ́ 4 sísàlẹ̀. Méjèèjì kò lè gbélé pọ̀, lọ ra tìrẹ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ta yẹn, gáàsì tí yíìsì ń mí síta ni kò rọ́nà lọ: lu ihò sí ọmọrí, ki rọ́bà tín-ín-rín kan bọ ọ́, kí ẹnu rọ́bà kejì rì sínú ife omi. Á máa ṣe bulúbúlú, ìwọ náà á sì máa fi ìró rẹ̀ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Wáyà tó ń gbé iná 230 kò gbọdọ̀ wà lójú táyé. Ra àpótí oníke tó ní ìdérí, kí relay, fíúsì àti ìsopọ̀ gbogbo wà nínú rẹ̀, kí o so wáyà ilẹ̀ mọ́ ara fìríìjì. Kíṣìnì ni, omi wà níbẹ̀, ìbejì wà níbẹ̀. Gbé àpótí náà kọ́ ara ògiri, kó ga ju orí wọn lọ, kó ga ju ibi tí wọ́n lè gun àga dé lọ pẹ̀lú.

Kí o sì nu àjà kí o tó dá fìríìjì obìnrin yìí padà.